Ojú tó fọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ́ ló ní kí wọ́n fi abẹ ṣá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé àdúgbò wa nìkan ni ọkùnrin ti ń ya wèrè nítorí obìnrin, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ ti Róòmù.

Láyé Póòpù Urban Kẹjọ, Gian Lorenzo Bernini ni ọ̀gá àwọn tó ń gbẹ́ òkúta lére nílùú náà. Ọ̀gá yìí wá lọ ń yan Costanza lálè, ìyàwó Matteo Bonarelli tó ń bá a ṣiṣẹ́! Ìfẹ́ kó sí i lórí débi pé ó gbẹ́ orí àti àyà obìnrin náà sára òkúta mábù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Irun rí wúruwùru, ọrùn aṣọ ṣí sílẹ̀, ẹnu là díẹ̀ bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ní 1638, àṣírí tú pé Luigi, àbúrò Bernini, náà ń yọ́ lọ sọ́dọ̀ Costanza. Ha! Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀pá irin fọ́ eegun ìhà àbúrò, ó tún fi idà lé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Maggiore. Ìyá wọn ló kọ̀wé bẹ kádínà kó bá òun dá ọmọ náà lẹ́kun. Èyí tó burú jù ni pé Bernini rán ìránṣẹ́ ẹ̀ sí Costanza, ìyẹn sì fi abẹ ṣá a lójú. Ojú kan náà tó gbẹ́ o!

Wọ́n lé ìránṣẹ́ kúrò nílùú. Wọ́n ti Costanza tó fara gbọgbẹ́ mọ́lé pẹ̀lú àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní oníṣekúṣe. Bernini ńkọ́? Wọ́n ní kó san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta owó scudi, Póòpù sì fa ìtanràn ọ̀hún ya. Ní 1639, ó fẹ́ ìyàwó tiẹ̀, ó ń báṣẹ́ lọ.

Ère náà dèrò Florence, ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Bargello títí dòní. Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn ọ̀mọ̀wé ti ń yìn ín, pé ìfẹ́ ló mú òkúta mí. Wọn ò fi ti abẹ pamọ́, àmọ́ gbólóhùn kan ni wọ́n fi ń kọjá lórí ẹ̀, bíi pé owú lásán ni. Àlè Bernini ni wọ́n ń pe obìnrin náà, ó parí.

Ìgbà tí Sarah McPhee, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé jáde ní 2012 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Àṣé ọmọ ìdílé Piccolomini ni Costanza, ìdílé tí póòpù méjì ti jáde! Àṣé ó padà sílé ọkọ, ó sì wá dẹni tó ń ta ère àti àwòrán kó tó kú ní 1662.

Ní ìparí 2021, mùsíọ́ọ̀mù Uffizi gbé ère náà síta pẹ̀lú fọ́tò àwọn obìnrin òde òní tí wọ́n da ásíìdì sí lójú. Kò tó oṣù kan tí wọ́n fi palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Èmi ò rò pé ó tó.