Nígbà tí Katapílà Bá Yadi: Ipa Èdè Abínibí Nínú Ìkọ́ṣẹ́ Mẹ̀káníìkì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Òwe yìí bá ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ibi àtúnṣe ẹ̀rọ ńláńlá mu, ní Accra tíí ṣe olú-ìlú Gánà àti ní ìlú mìíràn. Katapílà kan a dákẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, nọ́ńbà àṣìṣe márùn-ún tàbí mẹ́fà a sì yọ lójú gíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ̀káníìkì tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ a yọ sẹ́ńsọ̀ kan, a fi tuntun sí i. A tún yọ èkejì. Owó a tán, ẹ̀rọ kò ní fọhùn. Sẹ́ńsọ̀ kò ṣẹ̀: ọ̀nà tí àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni ó bàjẹ́. Àìsí irin iṣẹ́ nìkan kọ́ ni ó ń fa irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Èdè tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà wà lára ohun tí ó ń fà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ọdún 2015, àgbàrá òjò àti iná tí ó sọ ní ilé epo kan nítòsí Circle, ní Accra, pa ènìyàn tí ó lé ní 150. Ẹ̀rọ ìwalẹ̀ ni wọ́n fi ń kó ẹrẹ̀ àti pàǹtí kúrò nínú odò Odaw kí omi lè rí ọ̀nà lọ sí òkun. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí wáyà tí ó dípẹtà, tí òjò sì ti ṣú, ẹni tí ó ni ín nìkan kọ́ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Ní ọdún 1986 ni ilé-iṣẹ́ Bosch ti ilẹ̀ Jámánì gbé ètò tí wọ́n ń pè ní CAN jáde. Lórí rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà gbé J1939 kà fún ọkọ̀ akẹ́rù àti ẹ̀rọ ńláńlá. Nínú ètò yìí, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ti gíà àti ti àwọn pọ́ǹpù jọ ń lo wáyà méjì péré tí wọ́n lọ́ mọ́ra. Ìdènà iná kan tí ó jẹ́ ohm 120 sì wà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan.

Níhìn-ín ni olùkọ́ èdè ti ní ohun tí yóò sọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà náà, wáyà méjèèjì a wà ní nǹkan bí volt 2.5. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, ọ̀kan a gòkè sí nǹkan bí 3.5, èkejì a sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 1.5, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn ni ẹ̀rọ ń kà. Ọmọ Yorùbá tí ó ti mọ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, tí ó mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ọkọ, ọ̀tọ̀ ni ọkọ́, ọ̀tọ̀ sì ni ọkọ̀, kò ní pẹ́ lóye èyí. Bí kọ̀ǹpútà méjì bá sì la ẹnu papọ̀, èyí tí nọ́ńbà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré jù ni yóò máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Èkejì a dákẹ́ títí yóò fi parí. Ọmọ tí wọ́n tọ́ láàrin àgbà kò ṣàjèjì sí irú ètò bẹ́ẹ̀.

Òye yìí ni ó ń sọ àyẹ̀wò di ohun tí ó rọrùn. Bí gbogbo kọ̀ǹpútà bá ń ṣàròyé pé àwọn kò gbúròó ọ̀kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ ẹni náà ni kí wọ́n lọ: ǹjẹ́ iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Bí kálukú bá ń ṣàròyé nípa ẹnì kejì rẹ̀, ọ̀nà ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n yọ bátìrì, kí wọ́n sì fi mítà wọn àárín wáyà méjèèjì. Ohm 60 fi hàn pé ìdènà méjèèjì wà ní ipò wọn. Bí ó bá jẹ́ 120, ọ̀kan ti sọnù tàbí wáyà ti já. Bí ó bá súnmọ́ òdo, wáyà méjèèjì ti kan ara wọn níbì kan. Bí ohm bá pé síbẹ̀ tí ariwo kò dáwọ́ dúró, kí wọ́n máa yọ àwọn kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi rí èyí tí ń da ìpàdé rú.

Àwọn kan lè sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lójú gíláàsì ẹ̀rọ, kí ni ti èdè abínibí? Òótọ́ ni pé ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àmì àṣìṣe, nọ́ńbà kò sì ní èdè. Ìrònú tí ó so nọ́ńbà mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ ni ó nílò èdè, èdè tí ọmọ náà fi ń ronú. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àwọn mìíràn yóò ní èdè pọ̀ jù ní Accra: Gà, Akan, Ewe, Haúsá, àti Yorùbá tí kò parẹ́ níbẹ̀ bí òfin ọdún 1969 tilẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sílé. Kò pọn dandan kí gbogbo ibi iṣẹ́ lo èdè kan. Èdè tí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ jọ gbọ́ ni kí wọ́n fi ṣàlàyé.

Ẹ̀bi náà kan àwọn onímọ̀ èdè. Ìdìpọ̀ méjì Èdè-Ìperí Yorùbá, tí ó jáde ní 1984 àti 1990, wúlò púpọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ọmọ mẹ̀káníìkì kò rí tirẹ̀ nínú rẹ̀. Kí àwọn olùkọ́ má ṣe jókòó sí ọ́fíìsì kí wọ́n máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ. Kí wọ́n lọ sí ibi iṣẹ́, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń ṣe é, kí wọ́n jẹ́ kí wáyà àti bátìrì máa jẹ́ orúkọ wọn, kí wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ fún kìkì ohun tí kò tíì ní orúkọ. Ìwé pélébé kan tí ó ní àwòrán wáyà méjì, ìdènà méjì àti nọ́ńbà mẹ́ta wọ̀nyẹn, ní èdè tí ọmọ iṣẹ́ gbọ́, yóò gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ ìnákúnàá.