Àjọ Tí Ẹnì Kan Kì Í Gbàdúrà Láti Kó

Ẹni tó bá ń gba abẹ́ afárá Òṣòdì kọjá nírọ̀lẹ́ á ti gbọ́ ohùn náà rí. Ọkọ̀ kékeré kan á dúró sẹ́bàá títì, wọ́n á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lórí, wọ́n á gbé àwòrán aláìsàn kọ́ ọ lára: ọmọdé tí ikùn rẹ̀ wú bí ìlù, tàbí abiyamọ tí kókó yọ sí lọ́rùn. "Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ dákun, ẹ bá wa dá sí i, owó iṣẹ́ abẹ ni o." Àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan á máa gbé ike kiri láàárín èrò. Lọ́jọ́ kan tí mò ń dúró de ọkọ̀ Ìsọlọ̀, kí ọkọ̀ náà tó kún, mo ka èèyàn mọ́kànlá tó sọ owó sínú ike kan ṣoṣo. Agbèrò wà nínú wọn. Ọmọbìnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá wà nínú wọn. Mi ò rí olówó kan níbẹ̀. Olówó wà lókè afárá, ó ti gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé èké wà nínú àwọn tó ń tọrọ yìí. Àwòrán ẹni tó ti wà ní sàréè láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn kan ń gbé kiri, ẹni tó sọ ₦200 sínú ike kò sì ní bó ṣe fẹ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: owó ìwòsàn ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dá a, aláìsàn kan ló fẹ́ jẹ ẹ́. Adójútòfò ìlera gan-an nìyẹn. Ibi tó kù sí ni pé ìgbà tí àìsàn ti dé tán ni wọ́n tó ń dá a. Nínú ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, láàárín àwọn tó wà ní ọmọ ọdún 15 sí 49, nínú ọgọ́rùn-ún, 97 ni kò ní adójútòfò ìlera kankan. Ike abẹ́ afárá ni tiwọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà Aswani máa ń kún, ní Ìsọlọ̀, nítòsí ibi tí ilé iṣẹ́ aṣọ tó fún un lórúkọ wà nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń hó ní àdúgbò yẹn. Mo jókòó ti ìyá kan tó ń ta òkìríkà níbẹ̀. Káàdì alájọ rẹ̀ wà nínú àpò tó so mọ́ ìbàdí, ó ti rọ̀, òógùn ti ká a nígun. Àpótí kéékèèké 31 ló wà lára rẹ̀. Nígbà tó di bí aago mẹ́rin, alájọ dé, ó gba ₦1,000, ó fi bíírò fa ilà sínú àpótí kan, ó kọjá sí ìsọ̀ kejì. Kò lò tó ìṣẹ́jú kan. Bí káàdì bá kún, ìyá náà á kó ₦30,000. ₦1,000 tó kù, ti alájọ ni. Kò sí èlé. Òun ló tún ń sanwó kí wọ́n tó lè bá a tọ́jú owó ara rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Nítorí náà, bí ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì bá tún sọ fún mi pé mẹ̀kúnnù kì í fẹ́ sanwó fún ohun tí kò fojú rí, màá ní kó wá sí Aswani lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo bi í pé, "Ìyá mi, ẹ ti gba káàdì Ìlera Èkó?"

Ó wò mí. "Bọ̀dá, tí mi ò bá wá ṣàìsàn lọ́dún yìí ńkọ́? Ṣé wọ́n á dá owó mi padà?"

"Rárá, mà."

"Ẹ gbọ́ ara yín báyìí? Àjọ wo lèèyàn á dá tí ò ní kó?"

Aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ da ọ̀rọ̀ sí i láti ẹ̀yìn òkìtì ṣòkòtò: òun ò ní fi owó òun ra àìsàn o, orí òun kọ̀ ọ́.

Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá náà bá mi délé. Òpè kọ́ ló bi í. Èsúsú ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Samuel Johnson ti kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Òfin rẹ̀ kò lọ́jú: iye tí o dá ni wàá kó, ìgbà tó bá kàn ọ́ ni wàá kó o. Àìsàn kò mọ ẹni tó kàn. Ó lè fo ilé kan dá fún ogún ọdún, kó wọ ilé kejì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ọjà. Ká ní ọgọ́rùn-ún èèyàn ló wà ní ìlà ìsọ̀ kan, ká ní márùn-ún nínú wọn máa ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́dún, ₦200,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù kan náírà nìyẹn. Bí olúkúlùkù bá dá ₦10,000, ó pé. Àwọn márùn-ún á kó ìlọ́po ogún ohun tí wọ́n dá, 95 ò ní kó kọ́bọ̀, àwọn 95 yẹn ni àdúrà wọn sì gbà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di òwe létí oníṣòwò nìyẹn: àjọ tó jẹ́ pé ẹni tó kó o ni wọ́n máa ń bá dárò.

Òfin tó dá Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó, sílẹ̀ jáde ní 2015. December 2018 ni wọ́n tó ṣí i. LASHMA ló ń bójú tó o, iléeṣẹ́ ìjọba ni, kò sí ẹni tó ń pín èrè nínú rẹ̀ lópin ọdún. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ₦40,000 lọ́dún ni fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin. ₦8,500 ni fún ẹnì kan. Iye ti gòkè látìgbà náà, bíi ti gbogbo nǹkan. Àmọ́ ẹ fi ọjọ́ 365 pín ₦40,000 yẹn: kò pé ₦110 lójúmọ́ fún ẹni mẹ́fà. Ìyá Aswani ń ka ₦1,000 lé alájọ lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Owó náà kò ju agbára rẹ̀ lọ. Owó ọdún ni wọ́n pè é fún un ni, nígbà tó jẹ́ pé owó ojúmọ́ ló mọ̀, òwò òní ló fi ń ra ọjà ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ ìsọ̀ tún ń bẹ níbẹ̀. Èèyàn ò lè máa dá àjọ ọlọ́dọọdún lórí ìsọ̀ tí kò dá a lójú pé òun á bá níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, Òṣòdì sì mọ èyí ju ibikíbi lọ. January 2009 ni ìjọba Fáṣọlá kó ọjà ẹ̀bá títì kúrò níbẹ̀. January 2016 ni ìjọba Ambode wó ọjà Òwónifáàrí, wọ́n ní kí àwọn oníṣòwò máa lọ sí ọjà Ìsọ̀pákodówò ní Bọ́ládé. Ibùdókọ̀ ńlá ló wà níbẹ̀ báyìí, Buhari ló wá ṣí i ní April 2019. Òṣòdì ti gún régé lójú, àárò àwọn jàgùdà àtijọ́ kò sì sọ mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá wó ìsọ̀, alájọ ló kọ́kọ́ máa ń wá oníbàárà rẹ̀ tì.

Ká ní ó sanwó tán, ó di ilé ìwòsàn. Bí wọ́n ṣe ń sanwó fún ilé ìwòsàn yẹ kó yé gbogbo oníkáàdì. Ilé ìwòsàn tí o bá yàn á máa gba iye kan lóṣooṣù lórí rẹ, bóo wá, bóò wá. Owó orí ni, bíi ti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, àfi pé èyí, wọ́n ń gbà á láti fi tọ́jú orí náà. Lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀, ₦750 lóṣù ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ₦1,450 ní 2025. Ẹni tó bá mú ₦750 wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn ní 2024 mọ bó ṣe jáde. Bí ara oníkáàdì bá le, ilé ìwòsàn jèrè. Bó bá wá lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù, wọ́n jẹ gbèsè. Ìwọ̀nyí ni mo rò ní ọjọ́ tí mo lo káàdì tèmi nílé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ. Nọ́ọ̀sì kó àwa oníkáàdì sórí bẹ́ǹṣì ọ̀tọ̀, àwọn tó kówó lọ́wọ́ ń kọjá lójú wa wọlé. Nígbà tó kàn mí, dókítà kọ oògùn mẹ́ta. Paracetamol nìkan ló wà. "Èyí tó kù, ẹ lọ rà á níta, sà." Mo lọ rà á. Àmọ́ èmi ń gba owó oṣù. Bí ìyá Aswani bá rí irú èyí lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìlà ìsọ̀ rẹ̀ ló máa gbọ́ kó tó di ọ̀sán, kò sì sí ìpolówó rédíò tó máa pa á rẹ́.

Ta ló wá ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá forúkọ sílẹ̀? Aláboyún ni, onítọ̀ọ́gbẹ ni, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń dà láàmú ni. Ẹni tí ara rẹ̀ le ní Ọlọ́run ń bẹ. Àpò tó bá jẹ́ àwọn aláìsàn nìkan ló ń dá a, kò ní pẹ́ gbẹ. Ìdí nìyẹn tí òfin NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, tí Buhari fọwọ́ sí ní May 2022 fi sọ adójútòfò ìlera di dandan, tí Gómìnà Sanwo-Olu sì tún gbé àṣẹ tirẹ̀ jáde fún Èkó ní July 2024. Dandan lórí ìwé. Òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n á ti yọ tirẹ̀ kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ta ló fẹ́ yọ ti alábàárù Òṣòdì? Nínú kí ni wọ́n fẹ́ yọ ọ́?

Àwọn kan ti dán an wò ṣáájú. Ní 2007, owó láti Netherlands, lábẹ́ àjọ PharmAccess tí oníṣègùn Joep Lange dá sílẹ̀, bá iléeṣẹ́ adójútòfò Hygeia gbé ètò ìlera kalẹ̀ fún àwọn oníṣòwò obìnrin l'Ékòó àti àwọn àgbẹ̀ Shonga ní Kwara. Díẹ̀ ni oníkáàdì ń san, àwọn ará Netherlands ń san ìyókù. Ó ṣiṣẹ́ o: àwọn olùwádìí tó tẹ̀lé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ní ìgbèríko Kwara kọ ọ́ jáde ní 2014 pé ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ ju ti àwọn ibi tí ètò náà kò dé lọ. Ètò tí owó àjèjì bá gbé dúró, ọjọ́ tí owó náà bá ń palẹ̀ mọ́ ni ìdánwò rẹ̀. Ti Kwara dáwọ́ dúró ní 2016.

Pé ètò kan kò wá èrè kò sọ pé kò ní náni lówó. Ẹnì kan ní láti san án. Ghana ti gbà bẹ́ẹ̀ láti 2003: wọ́n fi 2.5% lé owó ọjà, kí ẹni tó ń ra bàtà olówó gọbọi máa bá aláìní dá tirẹ̀. Tiwa ńkọ́? Òfin Èkó ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán 1% nínú àpò ìpínlẹ̀ fún àwọn tí kò ní. Ìjọba àpapọ̀ náà kọ 1% sínú òfin ìlera tí Jonathan fọwọ́ sí ní 2014, àmọ́ inú ètò ìṣúná 2018 ni wọ́n tó kọ́kọ́ fi owó sí i. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó fọwọ́ sí i ti ń lọ jẹ́léósinmi nígbà yẹn. Alábàárù àti opó tí kò ní ìsọ̀, inú 1% yìí ni kí wọ́n ti san tiwọn, kó má jẹ́ ti fọ́tò. Àwọn bí ìyá Aswani, alájọ ni kí LASHMA rán sí wọn, kí wọ́n fún òun náà ní ọjọ́ kan tirẹ̀ nínú káàdì.

Mo padà lọ lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo mú ìṣirò mi lọ́wọ́. Ìyá náà gbọ́ mi dópin, ó ń ká aṣọ. Nígbà tí alájọ dé, ó ní kó fún òun ní káàdì kejì, ti ₦150, ti ọsibítù. Alájọ fa káàdì tuntun yọ, ó kọ orúkọ, ó kọ iye. Ó dé ibi tí wọ́n máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n á kó o sí, ó fi bíírò ti ètè.

"Ọjọ́ wo lẹ máa kó o, mà?"