Àdéhùn tó dé Kútọnu, kí ó dé Alibori

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2025, àwọn ológun kan bọ́ sí iwájú amóhùnmáwòrán orílẹ̀-èdè wa ní Kútọnu, wọ́n ní àwọn ti gba ìjọba. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọkọ̀ òfurufú ogun Nàìjíríà ti wà lójú ọ̀run wa nítorí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ké sí wọn, CEDEAO sì ti kéde pé àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, Gánà, Côte d'Ivoire àti Sàró ń bọ̀ wá ti àwọn ọmọ ogun wa tó dúró ti òfin lẹ́yìn. Ìdìtẹ̀ náà kò rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Ẹni tó ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ìwé lásán ni àdéhùn ààbò láàrin àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní láti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé yẹ̀ wò.

Àwa náà yóò gbé e yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ọ̀nà míràn ni a ó gbà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún kan náà, àwọn agbébọn pa 54 nínú àwọn ọmọ ogun wa ní igbó ọba tí a ń pè ní Parc W, ní Alibori. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ka iye yìí síta. Kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun CEDEAO kankan tó gbéra wá. Kí ló dé tí àdéhùn tó mọ ọ̀nà Kútọnu láàrin wákàtí mélòó kan kò mọ ọ̀nà Alibori láti ọdún 2021 tí ìkọlù ti di lemọ́lemọ́ níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 1977, àwọn jagunjagun tí wọ́n fi owó háyà, tí Bob Denard ará Faransé ṣáájú wọn, fi ọkọ̀ òfurufú balẹ̀ sí Kútọnu láti wá gba ìjọba lọ́wọ́ Kérékou. Ilẹ̀ wa lé wọn padà. CEDEAO kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà náà, kò sì ní ìlà kan nínú ìwé rẹ̀ nípa ogun. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn olórí pé jọ sí Èkó, tí wọ́n ṣèlérí pé ẹnìkan kò ní gbógun ti ẹnìkejì. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1981, ní Freetown, wọ́n tẹ̀ síwájú: ẹni tó bá fi ohun ìjà kọlu ọ̀kan nínú wọn, gbogbo wọn ló kọlù.

Ìlérí náà dára, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ìwé náà là sílẹ̀ kò dúró. Nígbà tí Làìbéríà gbiná, ńṣe ni wọ́n sáré kó ECOMOG jọ ní ọdún 1990, Nàìjíríà ló sì ru ẹrù tó pọ̀ jù. Ẹ̀kọ́ ìyẹn ló bí àdéhùn Lomé ti oṣù kejìlá ọdún 1999, tó fi kún un pé CEDEAO lè dá sí i bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ipá lé ìjọba tí ará ìlú dìbò yàn. Níbi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ìkọlù láti òde ni àwọn tó kọ ìwé Freetown ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ dé lẹ́yìn. Lónìí, ìdìtẹ̀ ni àdéhùn ń tètè dá lóhùn. Ẹni tó ń gba ẹnu ibodè wọlé wá pa ọmọ ogun wa, tó sì ń lé àgbẹ̀ kúrò lóko, ẹjọ́ Bẹ̀nẹ̀ nìkan ni wọ́n kà á sí.

Àwọn kan yóò sọ pé kí olúkúlùkù ṣọ́ ilé rẹ̀. Ẹ̀yin ará Kétu mọ ìdáhùn rẹ̀ jù wá lọ. Àkábà Ìdènà ṣì wà lórí ìdúró, odi ìlú ga, yàrà rẹ̀ jìn, síbẹ̀ ogun Dàhómẹ̀ wọ ìlú ní ọdún 1886. Láti ọdún 2022 ni àwọn ọmọ ogun wa ti wà ní àríwá lábẹ́ ètò Mirador, a kò sì lè ka akínkanjú wọn kéré. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló pín Parc W: àwa, Nìjẹ̀r àti Bùrkínà Fasò. Bí a bá lé ọ̀tá jáde ní apá tiwa, ó kàn rékọjá ni.

Nìjẹ̀r, Bùrkínà Fasò àti Málì sì ti fi CEDEAO sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025. Ẹ wo ohun tó yani lẹ́nu: nígbà tí wọ́n ń dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé wọn ni pé ẹni tó bá kọlu ọ̀kan kọlu gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ Freetown nìyẹn! Ẹni tó jáde kúrò nílé bàbá rẹ̀ tó sì gbé ìlẹ̀kùn ilé náà dání kò lè sọ pé ìlẹ̀kùn kò wúlò.

A kò ṣàì mọ̀ pé inú ń bí àwọn aládùúgbò wa wọ̀nyí. Nígbà tí ológun gba ìjọba ní Niamey ní ọdún 2023, CEDEAO halẹ̀ ogun, ó ti ibodè, kò sì jagun. Ìbínú ìyẹn ló kù nílẹ̀, àwọn onímọ́tò àti oníṣòwò Malanville ló sì jẹ nínú ìyà rẹ̀. Síbẹ̀, a lè wà ní ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí a sì jọ ṣọ́ igbó kan ṣoṣo. Ìwé kékeré kan tó dá lórí Parc W nìkan ti tó: ta ni yóò pe ta ni bí ọ̀tá bá rékọjá, ibo ni ọmọ ogun tó ń lépa rẹ̀ lè dé kó tó dúró. Nàìjíríà pàápàá kò gbọdọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, JNIM, tí ń jà ní àríwá wa, kéde pé àwọn ti kọlu àwọn ọmọ ogun ní ìpínlẹ̀ Kwara. Láti ibẹ̀ sí Ìgbómìnà, ta ló ń gun ọkọ̀ òfurufú?

Ní ti owó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí. Ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni CEDEAO ń gbà lórí ọ̀pọ̀ ọjà tó ń ti òkèèrè wọ ibùdókọ̀ ojú omi Kútọnu, ìyá tó ń ra aṣọ tà ní ọjà Àjàṣẹ́ sì ń san tirẹ̀ láìmọ̀. Ó tọ́ kí ó bèèrè ohun tí owó náà ń rà. Ìjọba wa, tó mọ bí a ti ń ké sí aládùúgbò nígbà tí iná dé ààfin, ní láti gbé ìwé Freetown lọ síwájú àwọn olórí ní ìpàdé wọn tó ń bọ̀, kí ó sì bèèrè lórúkọ Alibori àti Atacora fún ọkọ̀ òfurufú tí yóò máa ṣọ́ ibodè, fún epo tí yóò máa gbé e, àti fún ìròyìn ọ̀tá tí yóò dé ọ̀dọ̀ ọmọ ogun wa kí ọ̀tá tó dé.