Èémí Wa Nínú Àdúrà



Ìyá kan nínú ìjọ wa níhìn-ín ní Ṣábẹ̀ẹ́ bi mí ní ìbéèrè kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin rí àwọn kan lórí fóònù tí wọ́n ń kọ́ni láti máa mí kíákíá, kí a sì sé èémí mọ́ inú, pé ọkàn ẹni á balẹ̀. Ọmọ náà ṣe é. Òyì kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ ń rinrin, ẹ̀rù sì ba gbogbo ilé. Ìyá náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé irú èyí tọ́ sí ọmọ Kátólíìkì?" Níwọ̀n bí èmi náà ti ń fi ìdákẹ́jẹ́ àti èémí gbàdúrà láti ọdún 3 wá, ó yẹ kí n dáhùn lójú gbogbo wa.

Ohun tó ṣe ọmọ náà kì í ṣe ẹ̀mí àìmọ́, kì í sì í ṣe Ẹ̀mí Mímọ́. Ẹni tó bá ń mí kíákíá ju bí ara rẹ̀ ti fẹ́ lọ ń lé afẹ́fẹ́ carbon dioxide jáde jù, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ á sì dín kù. Ìdí nìyẹn tí òyì fi ń kọ́ni. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó, kí ó padà sí bó ti ń mí tẹ́lẹ̀. Aláboyún, ẹni tó ní ikọ́ fée, àrùn ọkàn tàbí wárápá, kí wọ́n má tilẹ̀ dán an wò.

Ṣùgbọ́n kí a má torí èyí sọ pé èémí kò bá àdúrà tan. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí 2 fi yé wa pé èémí Ọlọ́run ló sọ erùpẹ̀ di alààyè. Nínú Ìhìnrere Jòhánù orí 20, Jésù mí sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó ń fún wọn ní Ẹ̀mí Mímọ́. Ignatius Mímọ́ ti Loyola pẹ̀lú, nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1548, kọ́ni láti mú ọ̀rọ̀ kan nínú àdúrà Baba Wa fún èémí kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ìyá wa tí ń ka Rósárì ti ń ṣe é láìmọ̀. Ní 2001, Dókítà Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì wọn èémí àwọn ènìyàn 23 bí wọ́n ti ń ka àdúrà Màríà ní èdè Látìn. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ a máa mí tó ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà, ó wálẹ̀ sí bí 6. Ìhà kan ń dá, ìhà kejì ń gbè: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń mí jáde pẹ̀lẹ́, ẹni tó dákẹ́ ń mí sínú.

Ní tèmi, mo máa ń jókòó kí àkùkọ tó kọ, kí zémíjàn tó bẹ̀rẹ̀ ariwo lójú títì Kutọnú sí Parakou. Ìṣẹ́jú 15 ni. Mo ń fi imú mí wọlé, mo ń pe Jésù nínú ọkàn mi, mo sì ń mí jáde láìkánjú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: owó ilé ìwé á yọjú, òrùlé tó ń jò á tẹ̀ lé e. N kì í bá wọn jà; mo ń padà sí orúkọ náà ni.

Ní oṣù kẹrin, ohun mìíràn yọjú. Bàbá mi ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Èmi àkọ́bí ni mo sáré pósí, oúnjẹ àti àlejò, n kò ráyè sunkún. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ọ̀fọ̀ náà bá mi. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń sunkún láàárọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo rí i pé àwọn àbúrò mi náà kò tíì ṣọ̀fọ̀. Mo pè wọ́n jọ, a ròyìn bàbá títí ilẹ̀ fi ṣú, a sì bẹ fádà kí wọ́n rú Mísà fún un.

Èso àdúrà nìyẹn. Ní 15 oṣù kẹwàá 1989, Kádínà Ratzinger, tó padà di Póòpù Benedict kẹrìndínlógún, tó sì bẹ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa wò ní 2011, fọwọ́ sí ìwé kan lórí irú àṣàrò báyìí. Ìwé náà kìlọ̀ pé kí a má ṣe ka ìfọ̀kànbalẹ̀ tàbí ooru tí a bá ní lára sí ìtùnú Ẹ̀mí Mímọ́. Ìfẹ́ sí Ọlọ́run àti sí ọmọnìkejì la fi ń mọ̀ ọ́n. Bí mo bá dákẹ́ láàárọ̀, tí mo sì ń jágbe mọ́ ọmọ ilé ní ọ̀sán, kí ni mo gbà?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má lu ọmọ tó wá ìbàlẹ̀ ọkàn lórí fóònù. Ẹ jókòó tì í. Lálẹ́ òní, kí Rósárì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pa fóònù, kí gbogbo ilé dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 3, kí olúkúlùkù máa mí bí ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí ìbànújẹ́ tó wúwo jù bá yọjú, ẹ má dá a gbé: ẹ tọ fádà lọ, ẹ sì tọ dókítà lọ bí ó bá yẹ.

Kí Ẹni tó mí èémí sí wa pa ilé wa mọ́. Àmín.