Ṣé Ká Yọ Iná àti Pátákó Kúrò Lójú Pópó? Ohun Tí Ọ̀nà Òkè-Ògùn Ń Sọ Fún Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Àwọn onímọ̀ kan lókè òkun ní tí wọ́n bá yọ iná tó ń darí ọkọ̀ àti pátákó àmì kúrò lójú pópó, ìjànbá á dín kù. Ẹni tó ń gbé Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn lè rẹ́rìn-ín, kó ní: "Àwa tí iná ò pọ̀ lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀, ṣé ọ̀nà tiwa ò wá léwu ni?" Ìbéèrè gidi nìyẹn o. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tí wọ́n mọ̀ mọ èrò yìí jù ni Hans Monderman, ọmọ Netherlands, tó kú lọ́dún 2008. Nílùú Drachten níbẹ̀, wọ́n yọ iná kúrò ní oríta kan tí nǹkan bí 20,000 ọkọ̀ ń gbà lójúmọ́, wọ́n sọ ibẹ̀ di ráńdábáòtù. Ìjànbá sì dín kù. Àlàyé Monderman ni pé tí iná bá ti ní kí awakọ̀ máa lọ, kò ní wo ẹnikẹ́ni mọ́. Àmọ́ tí kò bá síná, tí kò dá a lójú ẹni tó kàn, á rọra, á wo ojú ẹnìkejì.

Òótọ́ wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, níbi tí oníṣu, ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ Márúwá bá ti kún títì, kò sẹ́ni tó lè sáré. Ojú àti ọwọ́ làwọn èèyàn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kì í ṣe iná tí wọ́n yọ nìkan ló ṣiṣẹ́ ní Drachten. Wọ́n tún ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ṣe débi pé awakọ̀ ò lè sáré. Eré tó dín kù ló ń dá ẹ̀mí sí.

Ẹ wá wo tiwa. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, tó jẹ́ kìlómítà 65, ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé tún un ṣe. Oore ńlá ni fún àgbẹ̀ tó ń kó ẹrù lọ sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà bá bàjẹ́, kòtò ló ń bá wa dá awakọ̀ dúró. Tó bá ti dán tán, kí ló kù tó máa dá a dúró? Àárín abúlé lọ̀nà kan náà ń gbà kọjá, níbi tí ọmọ iléèwé àti màlúù ti ń sọdá. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé tí eré ọkọ̀ bá kúrò ní kìlómítà 50 ní wákàtí kan tó di 65, ewu pé ẹlẹ́sẹ̀ tó bá gbá máa kú á lé ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ kí a máa wojú ara wa náà ní ibi tó mọ. Lóru, nínú òkùnkùn, ojú ta ni awakọ̀ fẹ́ wò? Afọ́jú ńkọ́? Nítorí ẹ̀dùn ọkàn àwọn afọ́jú wà lára ohun tó mú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2018, ní kí wọ́n dá irú iṣẹ́ tó ń pa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọkọ̀ dúró ná.

Nítorí náà, ibi tó yẹ ká gbà ṣe é pín sí méjì. Láàárín ìlú, ohun tó ń dín eré kù ló yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ náwó lé: ráńdábáòtù, bọ́m̀pù tí wọ́n kun lọ́dà kó hàn lóru, ibi ìsọdá níwájú iléèwé. Lójú ọ̀nà jíjìn, kí pátákó wà níbẹ̀, pàápàá níbi kọ́nà àti afárá, torí àlejò ò mọ kọ́nà. Kí wọ́n máa gé koríko tó ń bò ó lásìkò òjò, kí àwa ará àdúgbò má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u tà fún oní-ayọ́ọ̀nù kòǹdẹ̀.

Awakọ̀ tí kò sí iná níwájú rẹ̀ lè rọra, ó sì lè sáré pa ọmọ ọlọ́mọ. Bí a bá ṣe ṣe ojú ọ̀nà ló máa pinnu èyí tó máa ṣe.