Orúkọ Aṣojú Là Ń Jà Lé, Kòkó Wa Ńkọ́?

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú pe àwọn aṣojú Nàìjíríà nílẹ̀ òkèèrè padà sílé. Ó lé ní ọdún méjì kó tó fi orúkọ àwọn mìíràn ránṣẹ́ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2025.

Bí orúkọ ṣe jáde ni ariwo ta. Fẹ́mi Fani-Kayode àti Reno Omokri ti sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí Tinúbú rí. Mahmood Yakubu tó darí ìdìbò 2023 ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní INEC ni. Ayọ̀délé Òkè, ìjọba Buhari yọ ọ́ nípò ọ̀gá àjọ NIA lọ́dún 2017, lẹ́yìn tí EFCC rí mílíọ̀nù 43 dọ́là nínú ilé kan n'Ìkòyí. EFCC kan náà ló fa ẹjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn lọ́dún 2023.

Kò burú ká béèrè nípa wọn. Àmọ́ èébú àtijọ́ ló gba ìròyìn kan. Àga tó ṣófo fún ọdún méjì kò rí ìdajì ariwo yẹn.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìdànrè, ẹ wò ó. Ọdún 2023 yẹn náà ni àjọ EU ṣòfin pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọdún 2020 wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà máa bẹ̀rẹ̀ síwájú, wọn ò fagi lé e. Lásìkò tọ́rọ̀ yìí ń lọ, adelé ló ń ṣojú wa.

Ilé Aṣòfin Àgbà ti fọwọ́ sí wọn nínú oṣù Kejìlá. Ẹ jẹ́ ká yé béèrè ẹni tí wọ́n bú. Ẹni tí wọ́n bá rán lọ sí Brussels, kí ló mọ̀ nípa kòkó?