Ta Ló Ni Ìwé Ìkọ̀sílẹ̀ Ìyá Mi?

Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi, ní 2019, ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin dìde láàárín ẹbí, ó ní ìyá mi kì í ṣe opó ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Ó ní ìyàwó oníyàwó ni. Ó ní ọkọ tó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ ṣì wà láyé, kò sì sí ẹni tó rí ìwé tí wọ́n fi tú ìgbéyàwó yẹn ká. Ìyá mi, ẹni ọdún 69, jókòó sórí ẹní pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lára, ó kàn ń wo ilẹ̀.

Òótọ́ ni pé ìyá mi ti lọ́kọ rí. Òótọ́ sì ni pé ó ti kọ ọkọ náà sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀ ní 1986, tí ó dá owó orí padà níwájú ààrẹ kóòtù. Ní 1988 ni òun àti bàbá mi lọ sí rẹ́jísírì. Ìwé tí kóòtù fún un, ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí aṣọ. Òjò wọ àpótí náà ní ọdún tí ìjì ṣí òrùlé wa, ikán sì jẹ ìyókù.

Ẹni tí kò bá mọ òfin lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin lásán ni àbúrò bàbá mi sọ. Rárá o. Òfin Ìgbéyàwó ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá ṣì jẹ́ aya ọkùnrin kan lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ kò lè bá ọkùnrin mìíràn ṣe ìgbéyàwó rẹ́jísírì. Bó bá ṣe é, òfo ni. Nítorí náà, bí kò bá sí ìwé 1986, ìwé 1988 lè wó lulẹ̀. Bí ìwé 1988 bá wó, ìyá mi kì í ṣe opó mọ́ lójú òfin, kò sì ní ẹ̀tọ́ opó nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́. Agbẹjọ́rò wa kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ẹ lọ wá ìwé náà wá.

Mo lọ. Akọ̀wé kóòtù bi mí pé, “Nọ́ńbà ẹjọ́ dà?” Mo ní orí ìwé tí mo wá gbà ni nọ́ńbà wà. Ó ní bí kò bá sí nọ́ńbà, kò sí bí òun ṣe máa rí ìwé. A wo ara wa lójú, mo sì padà sílé.

Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kóòtù tó dá ẹjọ́ náà kò dá dúró mọ́, wọ́n ti pa á pọ̀ mọ́ òmíràn, ìwé rẹ̀ sì ti lọ sí ìlú kejì. Mo dé ìlú kejì, wọ́n ní kí n padà síbi tí mo ti wá. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fà mí lọ sẹ́yìn ilé, ó ní owó ìwákiri jẹ́ ₦15,000. Mo ní ṣé wọ́n máa já rìsíìtì fún mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìwé lẹ ń wá ni, àbí rìsíìtì?”

Mi ò kọ èyí láti bú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn. Mo rí yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí. Fèrèsé rẹ̀ kò ní gíláàsì. Inú àpò sìmẹ́ǹtì ni fáìlì wà, ìgbẹ́ àdán wà lórí wọn, ikán sì ti la ọ̀nà gba ara ògiri gòkè. Ẹni tí ìjọba fi sínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ láìfún un ní àga tó dára, kò lè fi ọ̀wọ̀ bá ìwé ẹlòmíràn lò. Ohun tí mo ń bá jà ni èrò tó bí yàrá náà: pé ìwé kóòtù jẹ́ dúkìá kóòtù, àti pé oore ni wọ́n ń ṣe ènìyàn bí wọ́n bá fún un ní ẹ̀dà. Irọ́ ni. Ẹni tó jà fún ìdájọ́ ló ni í. Kóòtù kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni.

Òfin kúkú wà lẹ́yìn mi. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ka àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ mọ́ ìwé gbogbo gbòò. Abala 104 rẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó ní ẹ̀dà, bó bá ti san owó tí òfin là sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó sì lu òǹtẹ̀ sí i. Òfin Òmìnira Láti Gba Ìròyìn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2011 kan náà, fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ní 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin yìí de ìjọba ìpínlẹ̀ náà, kì í ṣe ti àpapọ̀ nìkan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ojú òfin ti fọ́. Abala 294 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 pàṣẹ pé kí ilé ẹjọ́ fún àwọn tó ṣe ẹjọ́ ní ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ 7 tí wọ́n bá ti dá a. Àwọn ilé ẹjọ́ tí Òfin Ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ni àṣẹ náà ń bá wí. Ilé Ẹjọ́ Gíga wà níbẹ̀. Kóòtù ìbílẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kóòtù ìbílẹ̀ ni alágbàṣe, ìyá aláta àti onímọ́tò máa ń gbé ìgbéyàwó wọn lọ. Olówó tó lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ní agbẹjọ́rò tó máa bá a gba ìwé. Ẹni tí kò ní agbẹjọ́rò gan-an ni Òfin Ìpìlẹ̀ kò rántí.

Àwọn kan máa sọ pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni ìkọ̀sílẹ̀, kò yẹ kó wà níta. Èmi náà kò fẹ́ kí aládùúgbò mi ka ohun tí ìyá mi sọ ní kóòtù ní 1986. Ṣùgbọ́n ta ló ń tú àṣírí? Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn mọ kóòtù Mápó ní Ìbàdàn. Léraléra ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ tọkọtaya jáde láti irú kóòtù bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ, iṣẹ́ àti àdúgbò: ẹni tó ń lu ìyàwó, ẹni tí kò fi owó oúnjẹ sílẹ̀, ẹni tí wọ́n bá pẹ̀lú àlè. Gbogbo ayé ka ẹ̀sùn náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, bí obìnrin náà bá ní òun fẹ́ ojú ìwé kan péré tó sọ pé ìgbéyàwó náà ti tú ká, wọ́n á bi í ní nọ́ńbà ẹjọ́. Ohun tó yẹ kó wà ní ìpamọ́ ló wà níta, èyí tó yẹ kó wà níta ló wà nínú àpò sìmẹ́ǹtì.

Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ̀rí tí tọkọtaya jẹ́ síra wọn, àwọn, àwọn ọmọ wọn àti ẹni tí kóòtù bá yọ̀ǹda fún nìkan ni kó lè kà á. Àṣẹ tó tú ìgbéyàwó ká, ìyẹn orúkọ méjì, ọjọ́, kóòtù àti nọ́ńbà, kò ní àṣírí kankan nínú. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ìyàwó tuntun, tàbí ẹni tí wọ́n ń bá du ogún, lè rí i.

A kò nílò láti rìn jìnnà ká tó rí àpẹẹrẹ. Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa ti ń sọ Yorùbá ní Kétu àti Àjàṣẹ́, bí ilé ẹjọ́ bá tú ìgbéyàwó ká, wọ́n máa ń kọ ọ́ sí etí ìwé ìgbéyàwó àti etí ìwé ìbí tọkọtaya náà. Ẹni tó bá gba ẹ̀dà ìwé ìbí rẹ̀ máa bá a níbẹ̀. Ní Gánà, òfin kan ti wà láti 1985 tó la ọ̀nà kí ènìyàn forúkọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti ìtúká rẹ̀ sílẹ̀ ní ìwé ìjọba àgbègbè. Ní 1991, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní dandan, gbogbo ènìyàn kọ́ ló sì ń ṣe é. Síbẹ̀, ẹni tó bá ṣe é mọ ibi tó máa lọ. Tiwa ńkọ́? Orí ìrántí akọ̀wé kan ni ìgbéyàwó wa so kọ́.

Bí kì í bá ṣe ikán, iná ni. Ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà rògbòdìyàn EndSARS, wọ́n sun Ilé Ẹjọ́ Gíga tó wà ní Ìgbóṣeré ní Èkó. Fáìlì jóná níbẹ̀. Bí ilé ẹjọ́ tó lórúkọ tó bẹ́ẹ̀, láàárín Èkó, bá lè pàdánù ìwé ní ọ̀sán gangan, kí ni ká retí ní kóòtù tí ẹ̀dà kan ṣoṣo wà, tí wọ́n fi bírò kọ?

Wọ́n á ní kò sí owó. Ohun tí mo ń béèrè kò gba ọ̀kẹ́ àìmọye. Kí kóòtù ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ tí wọ́n tò ní a-b-d, ti ọkọ àti ti ìyàwó, pẹ̀lú orúkọ ilé bàbá ìyàwó, kí nọ́ńbà ẹjọ́ má di wàhálà mọ́. Kí wọ́n lẹ iye owó ẹ̀dà mọ́ ara ògiri, kí wọ́n sì máa já rìsíìtì. Kí wọ́n fi fóònù ya ojú ìwé ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní olú-ìlú ìpínlẹ̀. Kí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ fi ọjọ́ 7 náà sínú òfin kóòtù ìbílẹ̀. Bí wọn kò bá sì rí ìwé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i. “Kò sí” tí wọ́n fi ẹnu sọ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni níwájú adájọ́.

Títí wọ́n á fi ṣe é, ẹ gba ìmọ̀ràn ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan. Ẹ má fi ẹnu béèrè. Ẹ kọ lẹ́tà, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ “a ti gbà á” sí ẹ̀dà tiyín. Ẹ kọ orúkọ méjèèjì, ọdún, ìlú àti owó orí tí wọ́n dá padà bí ẹ bá rántí. Bí òbí yín ló ni ẹjọ́ náà, ẹ mú ìwé ìbúra àti lẹ́tà àṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Ẹ má gba fótókọ́pì lásán. Èyí tó ní òǹtẹ̀ àti ìfọwọ́sí ni adájọ́ máa gbà. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó rẹ́jísírì, kóòtù ìbílẹ̀ kò lágbára láti tú u ká. Ilé Ẹjọ́ Gíga ni ẹ máa lọ. Ẹ rántí pé ìwé méjì ló wà níbẹ̀. Decree nisi kò tíì parí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ló máa ń di absolute. Absolute ni kí ẹ gbà. Kí ẹ sì gba gbogbo rẹ̀ nísinsìnyí, nígbà tí kò sí ìjà.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì kúrò nínú iṣẹ́ kóòtù ló gbà wá. Ó ní ká má wá ìwé ìdájọ́ mọ́, ká wá ìwé àkọsílẹ̀ owó, nítorí owó orí gba ọwọ́ kóòtù kọjá. Lẹ́ẹ̀kẹrin tí mo lọ, èmi àti rẹ̀ ṣí ìwé 1986 láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. A rí i: ìlà kan ṣoṣo, orúkọ ìyá mi, orúkọ ọkùnrin náà, nọ́ńbà ẹjọ́, ₦120. Nọ́ńbà yẹn ló mú wa dé ibi tí ìdájọ́ wà.

Nígbà tí mo gbé ẹ̀dà náà fún ìyá mi, kò yọ̀. Ó fi ọwọ́ pa á, ó ní, “Èmi ni mo sọ fún wọn, wọn ò gbọ́. Ìwé ló sọ ọ́, wọ́n á gbọ́.” Àbúrò bàbá mi gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bàbá tó mọ ibi tí ìwé owó wà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bí òun bá lọ, opó tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìyá mi, ta ni kó bi?